Fláàṣì Kọ́, Ihò Lẹ́ńsì Ni

Bí fọ́tò tí o yà ní f/2.8 nínú gbọ̀ngàn bá dára, tí èyí tí o yà ní f/8 níta gbangba sì funfun báláú, má tíì bá fláàṣì jà. Nọ́ńbà f yẹn ni kámẹ́rà fi ń sọ bí ihò inú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó. Má tíì ra mẹ́mọ́rì tuntun, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ láyà pé bọ́dì kámẹ́rà rẹ ti kú. Yọ lẹ́ńsì náà, gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí o wo ihò inú rẹ̀ ná.

Iṣẹ́ àtúnṣe lẹ́ńsì ni mò ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó ń ya fọ́tò ìnáwó ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àwọn tó máa ń gbé kámẹ́rà méjì kọ́rùn láti àárọ̀ Sátidé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń wá bá mi. Ojú wọn á ti pọ́n, àwọn ọlọ́jọ́ á sì ti máa pè wọ́n lórí fóònù pé fọ́tò àwọn dà.

Ọ̀kan wọlé báyìí.

"Ẹ káàsán mà. Kámẹ́rà mi ló ń ya fọ́tò tó funfun jù."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló funfun?"

"Rárá mà. Ó kàn máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni."

"Ìgbà wo ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn?"

Kò mọ̀. Wọn kì í sábà mọ̀. Mo ní kó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó jẹ́ ká wo fọ́tò ìgbéyàwó náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí kámẹ́rà kọ mọ́ wọn. Àwọn tó yà ní f/2.8 dára. Ti f/4 ti mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a fi dé f/8, aṣọ ìyàwó àti ojú ọ̀run ti di ọ̀kan náà, o kò mọ ibi tí èyí parí sí tí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti pààrọ̀ bátìrì fláàṣì, ó ti ra nǹkan tó ń tan fláàṣì láti òkèèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti ń bá a ná bọ́dì tòkunbọ̀. Gbogbo owó yẹn, ibi tí kò dùn ún ni ó ń fi oògùn sí.

Ohun tó yẹ kó mọ̀ kò tó nǹkan. Nínú lẹ́ńsì, àwọn bíléèdì pẹlẹbẹ kan wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n tò yí ihò ká. Nínú Canon 50mm f/1.8 II tó jáde ní 1990, márùn-ún ni wọ́n. Nínú 50mm f/1.8 STM tó gba ipò rẹ̀ ní 2015, wọ́n di méje. Wọ́n á jọ sún mọ́ra kí ihò lè kéré, wọ́n á sì jọ fà sẹ́yìn kí ihò lè fẹ̀. Nọ́ńbà f yẹn kò ju ìṣirò lásán lọ. Mú 50 tó wà lára orúkọ lẹ́ńsì, fi 2 pín in, wàá rí 25: ìyẹn ni pé ní f/2, ihò náà fẹ̀ tó 25mm. Fi 8 pín in, ó fi díẹ̀ ju 6mm lọ. Bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì ronú dé rí nìyí: lórí kámẹ́rà onídígí, èyí tí dígí inú rẹ̀ ń gbé ohun tí ò ń wò wá sójú rẹ, ihò yẹn kì í wà ní f/8 nígbà tí o ń wo ẹni tí o fẹ́ yà. Ó máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ni, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó fún ojú rẹ àti fún fókọ́ọ̀sì. Ìgbà tí o bá tẹ bọ́tìnì ni dígí á gbéra, bíléèdì á sáré pa ihò dé f/8, ṣọ́tà, ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á ṣí, á padé, bíléèdì á tún sáré padà sẹ́yìn. Kí o tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ṣọ́tà kì í dúró de bíléèdì tó bá pẹ́. Kámẹ́rà ti ṣírò f/8, ṣùgbọ́n f/4 ni bíléèdì ṣì wà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ti di ìlọ́po mẹ́rin ohun tí kámẹ́rà ń retí. Ní f/2.8, níbi tí lẹ́ńsì ọmọ yẹn ti ṣí tán, bíléèdì kò ní ibì kankan láti lọ, nítorí náà àìsàn rẹ̀ kì í hàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì á fi máa ṣàìsàn fún oṣù pípẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, tí kò ní fura. Bí o bá sì tẹ bọ́tìnì léraléra, ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ o kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lórí kámẹ́rà tí kò ní dígí, ó yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ti dín ihò kù kí o tó tẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí náà ojú sikírínì ni wàhálà ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn: ìmọ́lẹ̀ á máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, tàbí kí o máa gbọ́ tí lẹ́ńsì ń dún tákátáká nígbà tí o kò ṣe nǹkan kan fún un.

Lẹ́ńsì ọmọ yẹn, òróró ló wà lára bíléèdì rẹ̀. Mo gbé e sí abẹ́ iná, mo ní kó wò ó. Ó ń dán.

"Ta ló da òróró sí i, mà?"

"Oòrùn ni."

Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà. N kò ṣe àwàdà o. Níbi tí lẹ́ńsì ti ń yí fún fókọ́ọ̀sì, gírísì wà níbẹ̀, gírísì sì jẹ́ òróró tí wọ́n pò mọ́ ohun tó mú un ki. Bí ooru bá ń kàn án lójoojúmọ́, òróró yẹn á ya kúrò lára rẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀ tó jiná, á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lára irin títí yóò fi dé ibi tí bíléèdì wà. Kò nílò kó pọ̀. Bíléèdì méjì tí òróró bá wà láàárín wọn á lẹ̀ mọ́ra, sípíríǹgì tó ń fà wọ́n kò sì lágbára láti ya wọ́n. Wọn kò ṣe sípíríǹgì yẹn fún ìjàkadì. Ìyára ni wọ́n ṣe é fún.

Níbo ni ooru ti ń kan lẹ́ńsì? Mo bi ọmọ náà ibi tó ń gbé báàgì rẹ̀ sí. Búùtù ọkọ̀ ni. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti máa ń gbé e síbẹ̀ kó má baà gbàgbé rẹ̀ lárọ̀ọ́ Sátidé, á sì tún wà níbẹ̀ ní Sọ́ńdè nígbà tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mọ oòrùn Ìbàdàn nínú oṣù Kejì àti Kẹta mọ ohun tí búùtù tí wọ́n tì pa máa ń dà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ní ọkọ̀: orí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ lẹ́ńsì sí, nítorí pé ó dùn ún wò níbẹ̀. Mo ti rí ti ọkùnrin kan tó ń tọ́jú tirẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé wọn wà. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ń móoru láràárọ̀ lálaalẹ́, òun sì rò pé ibi tó dáa jù nínú ilé ni òun kó o sí.

Kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú báyìí. Bíléèdì ihò lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Kò sí òróró kankan tó yẹ kó kàn án, kékeré kọ́, ńlá kọ́. Síbẹ̀, lẹ́ńsì á dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kán òróró màṣíìnì ìránṣọ sí i. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó: irin ni, kò yí dáadáa mọ́, fún un ní òróró. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́! Fún ọjọ́ mélòó kan, bíléèdì á máa lọ geerege, oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́, á lọ sóde. Lẹ́yìn náà ni eruku á lẹ̀ mọ́ òróró náà, pàápàá nígbà ọyẹ́, òróró á sì tàn dé ojú gíláàsì inú, fọ́tò á wá máa ṣú bí ẹni pé wọ́n gbé aṣọ tín-ín-rín bò ó. Iṣẹ́ tí ì bá gba wákàtí díẹ̀ á wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, nítorí pé n kò ní fọ bíléèdì nìkan mọ́, gbogbo inú lẹ́ńsì ni màá fọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ayé fíìmù ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbà kí ìgò òróró wà lórí tábìlì kan náà tí a ti ń tú lẹ́ńsì. Bó bá rí i, á gbé e síta. N kò jiyàn.

Bí a ṣe ń ṣe é gan-an nìyí: a ó tú lẹ́ńsì dé ibi tí ihò wà, a ó kó bíléèdì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi epo láítà tó mọ́ nù wọ́n, irú èyí tó ń fẹ́ lọ pátápátá láìfi nǹkan sílẹ̀. Epo bẹntiróòlù ilé epo kọ́ o, ìyẹn máa ń fi ohun tó dà bí ọ̀dà sílẹ̀ bó bá gbẹ. A ó fọ ihò tí wọ́n ń jókòó sí náà, nítorí òróró kì í wà lórí bíléèdì nìkan. Ìgbà tí a bá ń tò wọ́n padà ni ìdààmú máa ń wà. Bíléèdì kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ èyí àkọ́kọ́ kó tó lè yí po. Èémí tó lágbára lásán lè tú gbogbo rẹ̀ ká. Mo máa ń pa fáànù, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé kó má bá mi sọ̀rọ̀ ná.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní tú nǹkan kan. Wọ́n á da epo láítà sínú ihò náà, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn títí yóò fi máa lọ, wọ́n á ní ó ti parí. Òróró náà kò lọ síbì kankan. Epo láítà ti pò ó, ó ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, bó bá gbẹ tán á tún wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun máa fi ṣe é, ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ó ní ibi tí òróró kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn Helios 44-2 gan-an, lẹ́ńsì 58mm f/2 tí wọ́n ṣe ní Sófíẹ́ẹ̀tì àtijọ́, nítorí bó ṣe ń mú ẹ̀yìn fọ́tò yí po. Kò sí sípíríǹgì tó ń sáré pa ihò rẹ̀ dé. Ọwọ́ rẹ ni o fi ń yí òrùka, bíléèdì sì ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ. Bí òróró bá wà lára wọn, wọ́n á ṣì dé ibi tí o bá gbé wọn dé. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí owó rẹ̀ bá rọrùn, kí wọ́n rà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Helios 44M ni, èyí tó ní irin ṣóńṣó lẹ́yìn tí kámẹ́rà ń tì, sípíríǹgì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, òróró sì ti di àrùn níbẹ̀.

Nikon tún ní tirẹ̀. Láti 1959 tí ojú lẹ́ńsì F, ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ kámẹ́rà, ti dé, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, irin kan náà wà nínú kámẹ́rà, ìkan ló ń ti ìkejì. Àwọn tó dé gbẹ̀yìn ti gbé iṣẹ́ náà fún iná, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ní ọwọ́ àwọn ènìyàn níhìn-ín, onírin ni. Èyí rọrùn láti yẹ̀ wò. Yọ lẹ́ńsì náà, bó bá ní òrùka ihò yí i sí f/16, wàá rí i pé ihò ti kéré. Fi ìka ti irin ẹ̀yìn yẹn, ihò á ṣí gbayawu. Jù ú sílẹ̀ lójijì. Ó gbọ́dọ̀ padé kíá, kí ojú rẹ má tilẹ̀ rí ìrìn rẹ̀. Bí o bá rí i tó ń rìn, ó ti ń ṣàìsàn.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ gbé irú rẹ̀ wá, pẹ̀lú kámẹ́rà onífíìmù tí wọ́n fi ya àwọn ọmọ wọn láti kékeré. "Ọmọ mi, mo ti rọ́ ọ sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò lò ó, kí ló lè ṣe é?" Mo ní, "Bàbá, àìlò náà ló ṣe é." Mo tì í níwájú wọn, mo jù ú sílẹ̀, bíléèdì wọ́ padà jẹ́jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òun náà ń rìn báyẹn báyìí. Lẹ́ńsì tí a kì í lò máa ń gan. Bí o bá ní èyí tí o pa tì, máa mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yí òrùka rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ti irin rẹ̀, kí o tó dá a padà.

Àìsàn kejì tí Nikon onírin ń ní ni pé irin ẹ̀yìn yẹn máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá ń fi lẹ́ńsì wọ kámẹ́rà ní wíwọ́, tàbí tó ju lẹ́ńsì sínú báàgì láìfi ìdérí ẹ̀yìn sí i, òun ló ń fà á. Ti ìyẹn kì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: gbogbo fọ́tò á funfun ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó ṣókùnkùn jù, ní ìwọ̀n kan náà. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, bí kámẹ́rà Nikon bá kọ FEE sí ojú rẹ̀ nígbà tí o fi lẹ́ńsì àtijọ́ tó ní òrùka sí i, kò sí ohun tó bàjẹ́. Yí òrùka náà dé nọ́ńbà tó ga jù, èyí tí wọ́n sábà máa ń kùn ní àwọ̀ ọsàn, kí o sì tì í pa síbẹ̀. Àwọn kan ti san owó fún ìyẹn.

Ti Canon ló ń gba àkókò mi jù. Láti 1987 tí Canon ti gbé ojú lẹ́ńsì EF jáde, kò sí irin tó ń ti irin mọ́. Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ tó ń yí bíléèdì, iná ló sì ń gbé àṣẹ láti ara kámẹ́rà wá, láti ojú àwọn irin wúrà tó tò sẹ́yìn lẹ́ńsì. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́ńsì súùmù, ibi tí ihò wà máa ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, iná sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Wáyà pẹlẹbẹ tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní flex ló ń gbé iná náà lọ. Gbogbo ìgbà tí o bá yí súùmù ni flex yẹn ń ká, ó ń nà. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀nà bàbà kan nínú rẹ̀ á là.

EF 24-105mm f/4L IS tó jáde ní 2005 ni mo rí jù tó ń ṣe èyí, nítorí pé òun ló wà ní gbogbo òde. Wọ́n máa ń tà á pọ̀ mọ́ kámẹ́rà 5D, ó le, fọ́tò rẹ̀ dára, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìyàwó àti ti òkú láìsinmi. Bí flex rẹ̀ bá ti là, kámẹ́rà á kọ Err 01, á ní òun àti lẹ́ńsì kò gbọ́ ara wọn yé, kí o nu ojú irin tó kanra. Lórí àwọn kámẹ́rà àtijọ́, Err 99 ni wàá rí. Ìmọ̀ràn tó kọ síbẹ̀ yẹn ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á fi èrésà nu irin wúrà yẹn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ìṣòro á sì wà níbẹ̀.

Kí o tó nu nǹkan kan, ṣe báyìí. Gbé e sí f/4, yí súùmù láti 24 dé 105, máa tẹ bọ́tìnì bí o ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà gbé e sí f/8, kí o tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé ní f/4 kò sí àròyé kankan, tí Err 01 sì yọ ní f/8, ihò ni, ẹ̀rọ rẹ̀ tàbí flex rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ní f/8 ó ṣiṣẹ́ ní 24, tó sì kọ̀ ní 70 tàbí 105, flex ni, màá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà kí n tó tú u. Bó bá ń kọ̀ níbi gbogbo, kódà ní f/4, nígbà náà ni kí o ro ojú irin wúrà tàbí nǹkan mìíràn. O tún lè tẹ bọ́tìnì tó ń fi ìjìnlẹ̀ fókọ́ọ̀sì hàn, èyí tó wà nítòsí ojú lẹ́ńsì lórí ọ̀pọ̀ Canon, kí o máa wo inú lẹ́ńsì láti iwájú: bíléèdì gbọ́dọ̀ padé, kí o rí wọn lójú rẹ.

Ṣé a lè dènà flex tó ń là? N kò lè sọ fún ẹni tó ra súùmù pé kó má yí i. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o má jẹ́ kí lẹ́ńsì náà máa rọ̀ dòòròdò ní ọrùn rẹ tí ó ń yọ jáde fúnra rẹ̀ bí o ṣe ń rìn, nítorí pé ìyẹn náà ń ká flex láìjẹ́ pé o ya fọ́tò kan. Má sì fi agbára yí i bí o bá rí i pé ó ń há. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ka flex sí ohun tó máa ń gbó, kí o fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò iṣẹ́ rẹ.

Lẹ́ńsì tó bá jábọ́, bíléèdì rẹ̀ lè fò kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ á rí i: ihò náà kò ní rí roboto mọ́, ẹyọ kan á yọ jáde sí àárín. Má tún tẹ bọ́tìnì kankan, torí ẹyọ kan yẹn á máa tẹ àwọn yòókù. Afẹ́fẹ́ òkun ní Èkó máa ń jẹ́ kí irin inú lẹ́ńsì dógùn-ún, ọ̀rinrin òjò sì ń mú fọ́ńgọ́ọ̀sì hù sára gíláàsì. Àpótí tó ní ìdérí tó dé dáadáa àti ẹyọ mélòó kan nínú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tó fún ìyẹn, bí o bá ń rántí láti pààrọ̀ wọn.

Oòrùn tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà pa bíléèdì, èyí sì yára ju òróró lọ. Lẹ́ńsì gígùn tó kọjú sí oòrùn ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ sí ojú kan, bíléèdì sì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 2017, ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá ènìyàn ní kámẹ́rà fi àwọn ohun èlò tó padà wá bá wọn hàn, lẹ́ńsì tí bíléèdì rẹ̀ ti jóná wà níbẹ̀. Àwa náà rí i tí òṣùpá bo oòrùn níhìn-ín ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006. Bí òmíràn bá dé, iwájú lẹ́ńsì ni kí àwọ̀ dúdú tó ń dí oòrùn wà. Ẹ̀yìn lẹ́ńsì kò wúlò fún bíléèdì.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Bí o bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí Dùgbẹ̀ níhìn-ín, ẹni tó ń tà á fún ọ á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ńsì, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó mọ́ nini." Ó mọ́ lóòótọ́. Bí kì í bá ṣe Nikon onírin, ihò tó ṣí gbayawu ni ẹ jọ ń wò, bíléèdì ti sá pamọ́ sínú ògiri, o kò rí wọn. Fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o fi sí kámẹ́rà tìrẹ. Wá ògiri funfun kan, fi kámẹ́rà sí ipò tó ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá yan ihò, kí o ya á láti nọ́ńbà tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Gbogbo fọ́tò yẹn gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà. Bí èyí tó wà ní f/11 àti f/16 bá ń funfun sí i, o ti rí i. Tún fi f/8 tẹ̀ ẹ́ léraléra. Bó bá jẹ́ súùmù, máa yí i. Ẹni tó bá kọ̀ fún ọ láti ṣe èyí, kó máa bá ọjà rẹ̀ ṣeré.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú agbo ńkọ́, tí alága ìdúró ti ń pe ẹbí ọkọ jáde? Lẹ́ńsì tí ihò rẹ̀ ṣí tì kò tíì di òkú. Gbé e sí nọ́ńbà tó kéré jù, f/4 fún 24-105, kí o má kúrò níbẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà kò ní ìdí láti pe bíléèdì, Err 01 kò sì ní yọ. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ISO 100 (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti f/4 á gbé ṣọ́tà rẹ dé nǹkan bí 1/1600 ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà rẹ sì lè ṣe é dáadáa. Fláàṣì ni ìṣòro á wà, torí pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò lè kọjá 1/200 tàbí 1/250 pẹ̀lú rẹ̀. Gíláàsì ND8, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí o bá dé mọ́ iwájú lẹ́ńsì á gbà ọ́ níbẹ̀, ó kéré, kò wọ́n, kó wà nínú báàgì rẹ. Fún ẹbí tó bá tò sí ìlà mẹ́ta, má sún mọ́ wọn, fà sẹ́yìn kí o fi 35 yà wọ́n, kí o sì bẹ àwọn tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n fara mọ́ àwọn tó wà níwájú, torí f/4 kò ní dárí ji ẹni tó bá dúró lókèèrè. Bó bá jẹ́ pé ihò náà padé tì ni, tí gbogbo nǹkan ṣókùnkùn nígbà tí o wojú kámẹ́rà, má bá a jà, yí lẹ́ńsì mìíràn sí i.

50mm f/1.8 oníke, bí bíléèdì rẹ̀ bá bàjẹ́, mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn pé owó iṣẹ́ mi lè ju owó tí wọn á fi ra òmíràn lọ. Àwọn kan ń bínú sí mi fún ìyẹn. Àwọn lẹ́ńsì ńlá nìkan ni mo máa ń gbà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí o bá ń gbé tìrẹ bọ̀, má pa àwọn fọ́tò tó bàjẹ́ rẹ́. Gbogbo wọn máa ń pa á rẹ́ nítorí ìtìjú, wọ́n á wá máa fẹnu ṣàlàyé fún mi. Mo fẹ́ rí èyí tó funfun àti èyí tó dára, ti ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà f àti ti ṣọ́tà tó wà lára wọn. Má sì fi WhatsApp fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lásán, torí WhatsApp á ti bọ́ gbogbo nọ́ńbà yẹn kúrò lára fọ́tò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mẹ́mọ́rì náà gan-an ni kí o gbé wá.